Dókítà, ẹ padà wá jókòó: lẹ́tà ṣíṣí láti ọ̀dọ̀ ìyá tí fákúùmù ò gbọmọ rẹ̀ jáde

Sí dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ tí mo bímọ, àti sí gbogbo ẹ̀yin dókítà àti agbẹ̀bí tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìrọbí,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò ní dárúkọ yín, mi ò sì ní dárúkọ ọsibítù, torí kì í ṣe ẹjọ́ ni mo wá rò. Ọmọ mi wà láàyè, èmi náà wà láàyè, ọwọ́ yín sì ni Ọlọ́run fi ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kó yanjú, kó má di pé ẹnì kan á ka ìlà méjì á ní aláìmoore ni mí. Mo dúpẹ́, títí ayé ni màá máa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé sínú fún oṣù mẹ́jọ gbáko, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí jẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ì bá sì gbà yín láti gbé e kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ lè má rántí mi mọ́, èmi nìkan kọ́ lẹ gbẹ̀bí fún lóru yẹn. Èmi ni ìyá tó ń béèrè ṣáá pé "ṣé orí ti ń yọ ni?" Àkọ́bí mi ni. Ẹnu ilé ọmọ ti ṣí tán, agbẹ̀bí ní ó ti pé sẹ̀ǹtímítà 10, mo ti ń púùṣì fún wákàtí méjì àti ààbọ̀, ara mi ń gbọ̀n, ohùn mi ti há, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohùn padà, á lọ sílẹ̀ á tún gòkè, á lọ sílẹ̀ á wá pẹ́ kó tó gòkè, ojú agbẹ̀bí ni mo ti rí i pé nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ lẹ ti wọlé. Ẹ ní ẹ máa fi fákúùmù ràn mí lọ́wọ́. Mo ní ẹ ṣe é. Ta ló máa sọ pé rárá nírú àsìkò yẹn?

Fún ẹni tó bá ń ka lẹ́tà yìí tí kò mọ̀ ọ́n, fákúùmù ni ife kékeré kan tí wọ́n máa ń gbé lé orí ọmọ, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kó lè lẹ̀ mọ́ ọn, bí inú bá ti ń ro ìyá tí òun náà ń púùṣì, dókítà á máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní fọ́sẹ́ẹ̀pù, irin méjì bíi ṣíbí ńlá tó ń gbá orí ọmọ mú lọ́tùn-ún lósì, iṣẹ́ kan náà lòun ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gba bẹ́ẹ̀ jáde láìsí wàhálà. Tèmi ò gba bẹ́ẹ̀ jáde.

Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ife yẹn já, mo gbọ́ ìró rẹ̀, ó dún pàù, mo sì rò pé orí ọmọ mi ló dún. Mi ò tíì sọ èyí fún yín rí. Mo rò pé orí ọmọ mi ló fọ́. Ẹ wo agbẹ̀bí lójú, ẹ ní "ó ti tó, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí tíátà," láti ìgbà yẹn kò sẹ́ni tó tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, gbogbo yín ń bára yín sọ̀rọ̀. Wọ́n ń ti bẹ́ẹ̀dì lọ, iná òkè ń kọjá lójú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan na bébà sí mi pé kí n sáìnì, inú ń ro mí lọ́wọ́, mo kàn fa ìlà kan síbẹ̀. Títí dòní mi ò mọ ohun tó wà nínú bébà yẹn.

Ọkọ mi ńkọ́? Wọ́n ní kó dúró. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú báàgì ẹrù ọmọ lọ́wọ́, ilẹ̀kùn tì, kò sẹ́ni tó jáde wá bá a. Ó pé oṣù márùn-ún kó tó lè sọ fún mi pé ní gbogbo ìgbà tó fi dúró níbẹ̀, ohun tó ń rò lọ́kàn ni bó ṣe máa pe ìyá mi láti sọ pé èmi àti ọmọ ti lọ. Ọkùnrin yìí kì í sunkún o. Ọjọ́ tó sọ ọ́, ó sunkún.

Nínú tíátà, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ti ràn, mi ò mọ ìrora mọ́ ṣùgbọ́n mo mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fà tí wọ́n ń tì. Mo gbọ́ tẹ́ ẹ ní "orí ti há." Mo wá mọ̀ ọ́n lára pé ẹnì kan ti ọwọ́ bọ̀ mí láti ìsàlẹ̀, ó ń ti nǹkan sókè. Ẹ ń gé mi lókè, ẹnì kan ń tì mí láti ìsàlẹ̀, aṣọ dí mi lójú, mi ò rí nǹkan kan. Mo lo oṣù mẹ́jọ tí mi ò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni, ojú ń tì mí, mo ń rò pé nǹkan tí kò yẹ ni wọ́n ṣe fún mi. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Tí ọmọ bá ti wálẹ̀ jìnnà sínú egungun ìbàdí kí wọ́n tó gé ìyá, orí rẹ̀ lè há síbẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ò ní rí ọwọ́ kì bọ abẹ́ rẹ̀, ẹlòmíì ló máa fi ọwọ́ rọra tì í padà sókè láti ìsàlẹ̀, tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ mú ẹsẹ̀ ọmọ jáde. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan tí wọ́n ń ṣe é fún ni mi ò mọ̀ ọ́n. Kí ló ń dí ẹni tó dúró sí ìdí orí mi lọ́wọ́ láti sọ pé, "Mọ́mì, ẹ máa mọ ọwọ́ lára yín nísàlẹ̀ báyìí o, orí ọmọ la fẹ́ tì sókè"? Gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ wá. Ẹ̀yin àti dókítà mẹ́rin míì. Ẹ wo ojú egbò, ẹ wo rọ́bà ìtọ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá mo ti mumi, ẹ ní "ó ń lọ dáadáa," ẹ lọ sí bẹ́ẹ̀dì tó kàn. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Mo ti lanu, mo ti fẹ́ béèrè, ẹ̀yìn yín ni mo rí.

Ṣé ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ ò bá sọ ìtàn yẹn fún obìnrin? Á sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Kò sì ní sọ èyí tó máa gbè é. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé mi ò púùṣì dáadáa. Wúrà lobìnrin míì, ó ti ọmọ tiẹ̀ jáde, èmi dá dúró ní agbede méjì. Àwọn tó wá kí mi kú ewu ò ràn mí lọ́wọ́, ẹnì kan bi mí pé "ṣé o ò ti agbára bọ̀ ọ́ ni?" kò ní in ní búburú o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọlé ó jókòó. Nígbà tí mo wá gba fáìlì mi láti gbé e lọ sí ibòmíì, mo kà á, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lédè òyìnbó pé ọ̀kan nínú ìdí tí fákúùmù fi kùnà ni pé ìyá ò sapá tó. Ìyá ò sapá tó! Wákàtí méjì àti ààbọ̀. Iṣan ojú mi já lọ́jọ́ yẹn, ojú mi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú fáìlì, ẹ dẹ́kun ẹ̀. Ó ti rẹ ìyá, ẹ kọ ọ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Àárẹ̀ yàtọ̀ sí àìsapá.

Ọ̀rọ̀ orí ọmọ tún wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e wá, nǹkan kan wú lórí rẹ̀ ribiti, bí ìgbà tí wọ́n da ife dé ibẹ̀. Mo rántí ìró yẹn. Mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń gbé e bí ẹni gbé ẹyin, nọ́ọ̀sì alẹ́ kan, kí Ọlọ́run bù kún un, ló rí mi tí mò ń sunkún tó ní ojú ibi tí ife lẹ̀ mọ́ nìyẹn, pé fúnra rẹ̀ ló máa lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì rí, nígbà tó máa di ọjọ́ kẹta ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ó tún ṣàlàyé fún mi pé oríṣi wíwú míì wà tí ẹ̀jẹ̀ máa ń dì sábẹ́ awọ egungun orí, tó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó lọ, tó sì lè mú kí ojú ọmọ pọ́n yẹ́lò, àti ọ̀kan tó ṣọ̀wọ́n ṣùgbọ́n tó léwu gan-an tí ẹ̀jẹ̀ á máa dà sábẹ́ awọ orí káàkiri, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo orí ọmọ tí wọ́n bá fi fákúùmù fà ní gbogbo ìgbà. Mo ti rò pé torí pé nǹkan ti bàjẹ́ ni wọ́n ṣe ń wá wò ó léraléra. Wọ́n ń ṣọ́ ọ ni. Iṣẹ́ dáadáa ni wọ́n ń ṣe, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn ló sọ ọ́ di ẹ̀rù fún mi.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà mo lọ rí dókítà míì lórí nǹkan tí kò kan èyí rárá. Ó ṣí fáìlì, ó kà á, ó wá gbójú sókè ó ní, "Ṣé wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín?" Mo ní rárá. Ó fa bébà kan jáde, ó ya ìbàdí, ó ya orí ọmọ sínú rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kọjú sí ẹ̀yìn ìyá wọn tí wọ́n bá ń bọ̀, tèmi kọjú sí iwájú, ojú rẹ̀ ń wo òkè. Tó bá wá bẹ́ẹ̀, orí kì í tẹ̀ dáadáa, apá tó gbòòrò jù ló máa ń kọ́kọ́ wọ ọ̀nà. Ó fi ìka hàn mí nínú fáìlì pé ọmọ náà wọn kílò 4.2, ọmọ tó bá sì ti ju kílò 4 lọ wà lára àwọn tí fákúùmù tàbí fọ́sẹ́ẹ̀pù lè má gbà jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni ti orí tó ṣì wà lókè díẹ̀, àti ìyá tí ìsanra rẹ̀ pọ̀. Ó tún ní fákúùmù máa ń kùnà ju fọ́sẹ́ẹ̀pù lọ, ṣùgbọ́n fọ́sẹ́ẹ̀pù máa ń fa ìyá ya jù ú lọ, dókítà ló máa wo èyí tó yẹ.

Ó wá sọ èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Ó ní ẹ̀yin, dókítà mi, ẹ ṣe é bó ṣe yẹ. Ó ní ìtọ́sọ́nà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbẹ̀bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, RCOG, gbé jáde lọ́dún 2020 sọ pé tí orí ò bá máa wálẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fà á, kí wọ́n dúró, kí wọ́n má fà á ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ kí orí tó dé ẹnu ọ̀nà, ife ò sì gbọ́dọ̀ já ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹ dúró ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìdúró yẹn ló gba ọmọ mi. Ẹlòmíì ì bá máa fà á lọ, ìtìjú ò ní jẹ́ kó jáwọ́.

Ẹ gbọ́, mo bú sẹ́kún níwájú dókítà yẹn. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi rò pé ẹ kàn ń kánjú ni, pé ẹ fẹ́ lọ sùn, pé ká ní ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i mi ò bá ti bí i fúnra mi. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn mẹ́ta ó kéré tán. Mo ti bà yín lórúkọ jẹ́ lórí ohun tó yẹ kí n máa fi yín yangàn, ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n kí lẹ fún mi tí mo fẹ́ sọ? Tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, èrò wa ló máa bá yín sọ ọ́.

Kò sì mọ sí ọ̀rọ̀ ìtùnú nìkan. Inú fáìlì yẹn ló ti rí i pé mo sọ ẹ̀jẹ̀ tó ju lítà kan lọ nù, ó ní tí wọ́n bá ṣe CS, ìyẹn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ jáde, nígbà tí ẹnu ilé ọmọ ti ṣí tán, ìsàlẹ̀ ilé ọmọ ti tinrín, ibi tí wọ́n gé lè ya sí i, ẹ̀jẹ̀ á sì pọ̀. Èmi tí òyì ń kọ́ tí mo bá dìde, tí wọ́n ń sọ fún mi pé bí gbogbo ìyá ọmọ tuntun ṣe ń rí nìyẹn! Ó bi mí bóyá mo mọ irú gígé tí wọ́n gé ilé ọmọ mi, mo ní èyí tí mo rí lára awọ ni mo mọ̀, ó ní ti awọ kọ́ ló ń béèrè, ti inú ni, torí òun ló máa sọ bóyá mo lè dán bíbí fúnra mi wò lọ́jọ́ iwájú. Tèmi jẹ́ èyí tí wọ́n gé ní ìbú nísàlẹ̀, kò sì ya sókè. Ó ní lára àwọn ìyá tó ní irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n wá dán an wò, bíi 72 sí 75 nínú 100 ló ń bí fúnra wọn, pé ewu kí ojú àpá inú ya nígbà ìrọbí wà, ó tó bí ẹnì kan nínú 200, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí n ṣe é níbi tí kò ti sí tíátà nítòsí. Ó tún ní kí n rí i pé mo sọ ọ́ létí ẹni tó bá máa tọ́jú oyún mi tó kàn pé ẹnu ilé ọmọ ti ṣí tán kí wọ́n tó ṣe CS mi, nítorí ó ṣeé ṣe kí oyún tó tẹ̀lé irú ẹ̀ fẹ́ wálẹ̀ ṣáájú ọjọ́. Ẹ wo gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ká ní mo lóyún láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn ńkọ́?

Mo ti ka nǹkan díẹ̀ láti ìgbà yẹn, torí ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Mo kà á pé ìdílé Chamberlen nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ń lo fọ́sẹ́ẹ̀pù, wọ́n sì fi pamọ́ láti ìran dé ìran fún ohun tó lé ní 100 ọdún, wọ́n ní wọ́n a máa di ìyá tó ń rọbí lójú kó má bàa rí irin yẹn. Mo gbé ìwé yẹn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Aṣọ tó dí mi lójú ní tíátà ni mo rántí. Mo mọ̀ pé torí kí ojú iṣẹ́ lè mọ́ ni aṣọ yẹn ṣe wà níbẹ̀, èmi ò sọ pé kí ẹ ká a kúrò. Ẹnu yín ni mo ń wá.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún rèé. Kí obìnrin tó dé yàrá ìrọbí rárá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ aboyún, ẹ sọ fún wa pé nǹkan báyìí lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mí, wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ, kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n lè fi fákúùmù fà á kó má wá, kó wá di ti abẹ. Àwọn kan ní ẹ̀rù á ba aboyún. Ẹ̀rù tí wọ́n sọ fún mi ṣáájú, mo lè gbé e, èyí tó bá mi lójijì lóru lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń sáré ni mi ò lè gbé.

Lẹ́yìn tí a bá bí tán, kí ẹni tó di ife yẹn mú lọ́wọ́ padà wá kí wọ́n tó ní ká máa lọ sílé, kì í ṣe ẹlòmíì tó wá ka fáìlì. Ìtọ́sọ́nà RCOG kan náà yẹn sọ pé kó rí bẹ́ẹ̀, kí dókítà bá ìyá sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tó túmọ̀ sí fún ìbí tó kàn. Kí ọkọ tàbí ẹnikẹ́ni tó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fa àga, ẹ jókòó, torí ẹni tó bá dúró ti ń lọ nìyẹn. Kó sì tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí ọjọ́ kejì CS, ìrora àti òògùn ò ní jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ ìdajì ohun tí ẹ bá sọ. Ẹ má fi tipá ṣe é o. Obìnrin míì ò ní fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìgbàkígbà tó bá fẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Èyí tí kò bá sì lè sùn, tó ń rí tíátà lójú àlá, tó ń sá fún ọsibítù, ẹ má kàn bá a sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ fi í lé ẹni tó mọ ìtọ́jú ọkàn lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé ó rẹ̀ yín. Mo rí ojú yín lóru yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ lọ bá ẹlòmíì láti ọ̀dọ̀ mi, àti pé kò sẹ́ni tó padà wá jókòó ti ẹ̀yin náà. Èmi ò rò pé òǹrorò ni yín. Mo rò pé kò sẹ́ni tó sọ fún yín rí pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn wà lára iṣẹ́ abẹ náà, pé egbò kan wà tí ẹ fi sílẹ̀ láìrán.

Dókítà kejì yẹn dá mi lóhùn lórí gbogbo nǹkan àyàfi ẹyọ kan, torí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ẹ gbé ọmọ mi jáde, kò ké. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ mò ń ka iye ìgbà tí mo mí, mo ka á dé mọ́kànlá, mi ò gbọ́ nǹkan kan, ni mo bá jáwọ́ kíkà. Lẹ́yìn náà ló wá ké. Báwo ló ṣe pẹ́ tó gan-an? Kí lẹ ń ṣe fún un ní gbogbo àsìkò yẹn? Tí ẹ bá ka lẹ́tà yìí tí ẹ sì dá ara yín mọ̀ nínú rẹ̀, mo ṣì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín.